Ṣé mo lè fi 4L (ipò tí ẹ́ńjìnnì ti ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ọkọ̀ ń rọra lọ pẹ̀lú agbára púpọ̀) fa tírélà gun òkè?
Bẹ́ẹ̀ ni, bí òkè náà bá ga gan-an, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ yẹ̀pẹ̀, ẹrẹ̀ tàbí òkúta wẹ́wẹ́. Nínú Toyota Hilux, 4L máa ń sọ agbára tó ń yí táyà di nǹkan bí ìlọ́po 2.5, ọkọ̀ á máa rọra wọ́ lọ, ẹ kò sì ní máa gbóòórùn kílọ́ọ̀ṣì tó ń jó. Ẹ dúró pátápátá, ẹ fi jíà sí N (ipò tí jíà kankan kò wọlé), kí ẹ tó yí ọkọ̀ sí 4L.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó lórí títì ọ̀dà gbígbẹ, àyàfi bí ìwé ọkọ̀ yín bá gbà á láàyè. Ní kọ́nà, táyà iwájú máa ń yára ju ti ẹ̀yìn lọ. Bí 4L ṣe so wọ́n pọ̀ lè ba jíà jẹ́. 2H (ipò tí ẹ́ńjìnnì ti ń yí táyà ẹ̀yìn méjì nìkan) pẹ̀lú jíà kékeré ló tọ́ níbẹ̀.