Ta ni ọmọ ìyá, ta ni ọbàkan nínú ilé Ábúráhámù?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Manchester la wà. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 11, ń ka Jẹ́nẹ́sísì nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ti dàrú mọ́ ọn lójú. Ó ní ìbejì ni Jákọ́bù àti Jósẹ́fù. Lálẹ́ àná ó bi mí pé kí ló dé tí Ábúráhámù fi fẹ́ àbúrò rẹ̀ níyàwó. Mo ní kó lọ sùn. Báwo lẹ ṣe ń ṣàlàyé ìdílé yìí fún àwọn ọmọ yín? (Ìyá Dárà)

Ìdáhùn: Ìyá Dárà, ẹ kú ìtọ́jú o. Ó ṣe ọmọbìnrin tèmi náà bẹ́ẹ̀ níbí ní Houston, títí mo fi pa Gẹ̀ẹ́sì tì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sábà máa ń pe ọmọ ìyá àti ọbàkan níbí, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì ló gbé ìtàn náà ró. Ẹ fi Yorùbá sọ ọ́ fún un.

Ọ̀dọ̀ Térà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ó bí Ábúráhámù, Náhórì àti Háránì. Háránì kú ṣáájú bàbá rẹ̀, ó fi Lọ́tì sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Lọ́tì fi ń tẹ̀ lé Ábúráhámù kiri. Náhórì bí Bẹ́túẹ́lì, Bẹ́túẹ́lì bí Rèbékà àti Lábánì. Rèbékà yìí ló fẹ́ Ísáákì ọmọ Ábúráhámù, tó sì bí Ísọ̀ àti Jákọ́bù. Nítorí náà, nígbà tí Jákọ́bù sá fún Ísọ̀, ilé àwọn ìyá rẹ̀ ló sá lọ.

Ti Sárà ìyàwó Ábúráhámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e lọ sùn mọ́. Ábúráhámù fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní orí 20: ọmọ bàbá òun ni, kì í ṣe ọmọ ìyá òun. Ọbàkan ni wọ́n. Èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ wa, Òfin Mósè náà sì wá kà á léèwọ̀ lẹ́yìn náà. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọmọ mi nìyẹn. Bíbélì ò bo àṣìṣe àwọn baba ńlá mọ́lẹ̀, èmi náà ò ní bò ó.

Ísọ̀ àti Jákọ́bù ni ìbejì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbẹ̀! Jákọ́bù ló jáde kẹ́yìn, ó di gìgísẹ̀ Ísọ̀ mú. Lójú tiwa, òun ni Kẹ́hìndé, òun sì ni ẹ̀gbọ́n. Lọ́dọ̀ àwọn Hébérù, ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni àkọ́bí. Bí ọmọ yín bá fojú Yorùbá wo ibẹ̀, ìjà ogún ìbí kò ní yé e.

Ilé Jákọ́bù ni mo pẹ́ sí jù. Mo ya agboolé sórí ìwé, igun mẹ́rin fún ìyá mẹ́rin. Léà: Rúbẹ́nì, Símíónì, Léfì, Júdà, Ísákárì, Sébúlúnì àti Dínà. Bílíhà: Dánì àti Náfútálì. Sílípà: Gádì àti Áṣérì. Rákẹ́lì: Jósẹ́fù àti Bẹ́ńjámínì péré, ibi ìbí Bẹ́ńjámínì ni Rákẹ́lì sì kú sí. Lẹ́yìn náà ni mo ka ibi tí Jósẹ́fù ti rí Bẹ́ńjámínì ní Íjíbítì, tó sáré wọ yàrá lọ sunkún. Ọmọ mi wo igun Rákẹ́lì títí, ó ní, “Mọ́mì, òun nìkan ni ọmọ ìyá rẹ̀ tó kù?” Mi ò ní láti ṣàlàyé ohunkóhun mọ́.

Ẹ jẹ́ kó ṣírò ọjọ́ orí náà, àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni 100 ọdún ni Ábúráhámù nígbà tó bí Ísáákì, Ísáákì jẹ́ 60 nígbà tó bí ìbejì, Ábúráhámù sì kú ní 175. Ìbejì ti pé ọdún 15 kí bàbá bàbá wọn tó kú.

Bó bá bi yín pé ìyàwó wo ni wọ́n sin Jákọ́bù tì nínú ihò Mákípélà, èyí tí Ábúráhámù fi 400 ṣékélì fàdákà rà ní Hébúrónì, Léà ni. Ojú ọ̀nà Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni wọ́n sin Rákẹ́lì sí. Ọmọ mi ò tíì gbà pé ìyẹn dára, a ṣì ń sọ ọ́ lọ́wọ́.