Pàṣán ò lè kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní kéwú

ÌBÉÈRÈ: Àsàláámù aláékùm Àáfà wa. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí ó ti ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín èmi àti bàálé mi. Ọmọ wa ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́fà, bàbá ẹ̀ ló ń kọ́ ọ ní kéwú nílé lálaalẹ́, tó bá ti ṣi áyà (ẹsẹ Kùránì) kan kà báyìí pàṣán ni. Tí mo bá sọ̀rọ̀ á ní Ànábì ló ní ká na ọmọ, á tún gbé àdíò wáásí kan tí wọ́n ń pín kiri fún mi, oníwáásí yẹn ní ibi tí pàṣán olùkọ́ kéwú bá ti bà lára ọmọ, iná ò ní jó ibẹ̀ láéláé. Àáfà, ọmọ yìí ti wá di òpùrọ́. Á ní òun ti kà á nígbà tí kò kà á, lọ́jọ́ kan ló lọ gbé Kùránì ẹ̀ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ní wọ́n ti jí i. Èmi náà máa ń bínú, mo máa ń pè é ní olódo, mo ti sọ fún un rí pé kò ní wúlò láyé ẹ̀. Mo tún máa ń ṣèlérí kẹ̀kẹ́ fún un kó lè ka kéwú ẹ̀, àmọ́ mi ò tíì rà á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo gbé pàṣán yẹn pamọ́. Ṣé mo ti dẹ́ṣẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Wa aláékùmú sàlámù wa ráhmátúláhì. Ìyá wa, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yín. Àdíò tí ẹ sọ yẹn ti dé ọ̀dọ̀ èmi náà, ẹni mẹ́rin ló fi ránṣẹ́ sí mi láàárín ọjọ́ méjì, ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ dá yín lóhùn ní gbangba, torí ó dájú pé kì í ṣe ilé yín nìkan ló ti ń fa ìjà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ iná yẹn kúrò nílẹ̀. Kò sí hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà wá láti ẹnu Ànábì, tó sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí lọ́dọ̀ Bukhari, kò sí lọ́dọ̀ Muslim, kò sí lọ́dọ̀ Abu Dawud, àwọn onímọ̀ tó kó hádíìsì jọ sínú ìwé, kò sí nínú Muwatta, ìwé Imam Malik tí gbogbo wa ń pè ní imam wa. Ẹni tó bá ní ó wà, kó dárúkọ sàábé (ọmọlẹ́yìn Ànábì) tó gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì, kó dárúkọ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ sàábé yẹn, kó máa kà á bọ̀ títí á fi dé ọ̀dọ̀ òun tó ń pariwo lórí ẹ̀rọ. Kò lè rí i kà. Ohun tó wà, tí kò sì ní iyèméjì nínú, ni pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ mọ́ òun, kó lọ wá ibùjókòó ẹ̀ sínú iná. Ẹ ò wá rí nǹkan, ẹni tó ń fi dá wa lójú pé iná ò ní jó ara ọmọ ọlọ́mọ, òun gan-an ló ń wá ààyè fún ara ẹ̀ níbẹ̀.

Ó dáa. Hádíìsì tí bàálé yín ń tọ́ka sí, òun wà lóòótọ́, mi ò ní bo òótọ́ mọ́lẹ̀ torí pé mo fẹ́ gbè yín. Abu Dawud gbé e jáde láti ọ̀dọ̀ Abdullah ọmọ Amr, pé Ànábì ní: ẹ pa àwọn ọmọ yín láṣẹ ìrun tí wọ́n bá ti pé ọdún méje, kí ẹ sì nà wọ́n lórí ẹ̀ tí wọ́n bá ti pé ọdún mẹ́wàá, kí ẹ pín ibùsùn wọn níyà. Bó ṣe wà nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa, tí wọ́n bá dé ibi "ẹ nà wọ́n" etí wọn á là, ohun tó ṣáájú ẹ̀ àti ohun tó tẹ̀ lé e kò sẹ́ni tó ń kà á mọ́.

Kí ni wọ́n ní ká torí ẹ̀ na ọmọ? Ìrun ni. Kì í ṣe áyà tó ṣì kà, kì í ṣe lẹ́tà tí ahọ́n ẹ̀ ò tíì lè pè. Ọmọ ọdún mélòó ni? Mẹ́wàá. Tiyín mẹ́fà. Ọmọ yín ò tíì tó ẹni tí wọ́n ń pa láṣẹ ìrun gan-an nínú hádíìsì yẹn, ká má tiẹ̀ tíì sọ̀rọ̀ pàṣán.

Ẹ wá jẹ́ ká dúró síbi tí àwọn oníwáásí yìí máa ń fò kọjá, ìyẹn àárín méje sí mẹ́wàá. Ọdún mẹ́ta ni. Ọdún tiwa tí a fi òṣùpá ń kà jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 354, ìrun márùn-ún sì ló wà lójúmọ́. Ẹ fi fóònù yín ṣírò ẹ̀: 354 lọ́nà márùn-ún jẹ́ 1,770, lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 5,310. Ìgbà 5,310 ni wọ́n á ti pe ọmọ yẹn pé "ó yá, wá kírun" kí ọ̀rọ̀ ẹgba tó wáyé rárá. Ta ló sì ń pè é? Bàbá àti ìyá ni. Tí ẹni tó ń pè é ò bá sì fẹ́ jẹ́ ẹlẹ́tàn, òun náà á ti dìde lójú ọmọ yẹn ní ìgbà 5,310, á ti gbé fóònù sílẹ̀, á ti ṣe àlùwàlá, omi á ṣì máa kán ní irùngbọ̀n ẹ̀ nígbà tó bá ń tẹ́ ẹní. Ọmọ tó bá rí ìyẹn fún ọdún mẹ́ta gbáko, mélòó nínú wọn ló máa kù tí wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa nà? Ọlọ́hun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ nínú Súrà Tọ́há, áyà 132, pé pa àwọn ará ilé rẹ láṣẹ ìrun, kí ìwọ náà sì ṣe sùúrù lórí ẹ̀. Ìwọ náà! Wọ́n ti sọ hádíìsì yìí di hádíìsì pàṣán, bẹ́ẹ̀ ẹrù bàbá ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Ànábì tó sọ hádíìsì yẹn kan náà, Aisha ìyàwó ẹ̀ jẹ́rìí nípa ẹ̀, ó wà lọ́dọ̀ Muslim, pé kò fi ọwọ́ ẹ̀ lu nǹkan kan rí, kì í ṣe obìnrin, kì í ṣe ìránṣẹ́, àfi tó bá wà lójú ogun nítorí Ọlọ́hun. Anas sì sin ín fún ọdún mẹ́wàá, láti kékeré, ó ní kò ṣíọ̀ sí òun rí. Ọdún mẹ́wàá o. Bàálé yín, ṣé ó lè lo ìrọ̀lẹ́ kan láìṣíọ̀?

Àwọn kan á ní àwọn onímọ̀ gbà kí olùkọ́ kéwú na ọmọ. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ lẹ́nu wọn tán. Muhammad ọmọ Sahnun, ará Kairawan, ọ̀kan nínú àwọn àgbà Màlíkì (àwọn onímọ̀ tó ń tẹ̀ lé ìlànà Imam Malik), tó kú lọ́dún 256 lẹ́yìn híjírà, ìyẹn ìrìnàjò Ànábì lọ sí Medina, sọ pé tí olùkọ́ bá fẹ́ bá ọmọ wí kò gbọdọ̀ kọjá ẹgba mẹ́ta, àfi tí bàbá ọmọ bá yọ̀ǹda jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ọmọ náà bá fìyà jẹ ẹlòmíì. Àwọn onímọ̀ Màlíkì tó tẹ̀ lé wọn tún ní ẹgba tí kò gbọdọ̀ dápàá sára ni, àti pé tí èèyàn ò bá rò pé ó máa wúlò, kó má nà án rárá. Ojú ńkọ́? Ànábì ti ní ká yàgò fún ojú. Ẹ wá gbé èyí tí bàálé yín ń ṣe lálaalẹ́ sórí òṣùwọ̀n yìí. Ṣé ó wúlò? Ẹ̀yin lẹ dáhùn fúnra yín, ẹ ní ọmọ ti di òpùrọ́.

Mi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé ọmọ ò gbọdọ̀ gbọ́ "má ṣe bẹ́ẹ̀" lẹ́nu òbí o. Àwọn yẹn náà ti ṣìnà lápá ibòmíì, ọmọ wọn á máa gbá ìyá wọn létí wọ́n á ní kékeré ló ń ṣe é. Ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ààlà. Ṣùgbọ́n àìlẹ́kọ̀ọ́ ọmọ tiwọn kọ́ ni àwíjàre fún ìbínú tiwa.

Ọ̀rọ̀ irọ́ yìí ló ká mi lára jù. Ẹ bá mi wo Kùránì abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́fà jókòó ó ronú, ó wá ibi tí ojú bàbá òun ò ní tó, ó gbé e síbẹ̀, ó ti gbọ́ rí pé olè máa ń gbé nǹkan, ó mú ìyẹn so mọ́ ọn, ó tò ó pọ̀, ó wá kò yín lójú ó rò ó fún yín. Ẹ ní olódo ni? Olódo ò lè ṣe gbogbo ìyẹn jàre. Ọpọlọ ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ kíkan, ọ̀nà àti bọ́ lọ́wọ́ pàṣán ló ń fi ṣiṣẹ́.

Ibn Khaldun, adájọ́ Màlíkì tó kú sí Cairo lọ́dún 808 lẹ́yìn híjírà, ti kọ èyí sílẹ̀ tipẹ́. Ó ní ẹni tí wọ́n bá fi líle àti ipá tọ́, ara ẹ̀ á máa há, ìdùnnú ẹ̀ á lọ, á ya ọ̀lẹ, á wá máa parọ́, á máa fi ohun tí kò sí nínú ẹ̀ hàn torí ọwọ́ tó ń bẹ̀rù, á ti ibẹ̀ kọ́ ẹ̀tàn, títí ìyẹn á fi di àṣà àti ìwà fún un. Di àṣà àti ìwà! Ẹ̀kọ́ tó ń mọ́ ọmọ yẹn lórí lálaalẹ́ nìyẹn, áyà kọ́. Ohun tó sì burú níbẹ̀ ni pé ìwé Ọlọ́hun gan-an ló ń sá fún báyìí.

Ẹ wo bí Ànábì ṣe kọ́ ọmọ. Umar ọmọ Abu Salama, ilé Ànábì ló dàgbà sí. Ó ní òun jẹ́ ọmọdé, ọwọ́ òun máa ń rìn káàkiri nínú àwo tí wọ́n bá jọ ń jẹun, níbí, lọ́hùn-ún. Ànábì wò ó, ó ní: ọmọ mi, dárúkọ Ọlọ́hun, fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, jẹ ibi tó wà níwájú rẹ. Ó parí. Bukhari àti Muslim ló gbà á wá. Ẹ gbọ́ ohun tí Umar wá sọ nígbà tó dàgbà: bí mo ṣe ń jẹun nìyẹn látìgbà náà. Gbólóhùn mẹ́ta péré ló di ìwà ẹni títí ayé ẹ̀. Kí ló fà á? Wọ́n jọ wà nídìí àwo kan náà ni, ọwọ́ Ànábì wà níwájú ẹ̀, ó ń rí ohun tí wọ́n ń sọ fún un bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Bàbá tó ń na ọmọ torí áyà, ẹ bi í wò, ìgbà wo ni ọmọ yẹn rí òun gbẹ̀yìn tó ṣí Kùránì fún ara ẹ̀, tí kì í ṣe pé ó ń yẹ ẹlòmíì wò?

Ìyá wa, ó kan ẹ̀yin náà, ẹ má bínú sí mi. Kẹ̀kẹ́ yẹn, irọ́ ni. Abdullah ọmọ Amir ní lọ́jọ́ kan ìyá òun pe òun nígbà tí Ànábì jókòó nílé wọn, ó ní "wá gbà kí n fún ẹ". Ànábì bi í pé kí lo fẹ́ fún un? Ó ní èso dàbínù ni. Ó ní tó bá jẹ́ pé o ò fún un ní nǹkan kan ni, wọn ì bá kọ irọ́ kan sílẹ̀ fún ẹ. Abu Dawud ló gbé e jáde. Èso dàbínù lásán o, ká má wá sọ kẹ̀kẹ́. Ẹ ra kẹ̀kẹ́ yẹn, tágbára ò bá sì ká a, ẹ jókòó kí ẹ sọ fún un pé ẹ ò lówó ẹ̀, ẹ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀. Àbùkù kankan ò sí níbẹ̀. Èyí tí ẹ ní kò ní wúlò láyé ẹ̀ yẹn, ẹ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́hun kíákíá, torí Jabir gbà á wá, ó wà lọ́dọ̀ Muslim, pé Ànábì ní ká má ṣe ṣẹ́pè fún ọmọ wa, kó má lọ bọ́ sí wákàtí tí Ọlọ́hun ń gba àdúà. Látòní lọ, ìgbàkígbà tí inú bá bí yín sí i, ẹ sọ pé "Ọlọ́hun á tún ọ ṣe". Ahọ́n yín á kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, á mọ́ ọn lára tó bá yá.

Lórí kéwú fúnra ẹ̀: ẹ dín in kù. Àwọn sàábé, áyà mẹ́wàá ni wọ́n máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í kọjá ẹ̀ títí wọ́n á fi mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ tí wọ́n sì fi ṣiṣẹ́, àgbàlagbà sì ni púpọ̀ nínú wọn. Fún ọmọ ọdún mẹ́fà, ìlà kan tàbí méjì lẹ́yìn àsùbáà nígbà tí orí ẹ̀ ṣì fúyẹ́ ti tó, kì í ṣe alẹ́ tí oorun ti ń kùn ún tí bàbá náà ti rẹ̀. Kí bàbá kà, kí ọmọ kà tẹ̀ lé e, tó bá ṣì, kí bàbá tún un kà láìpariwo. Tí sùúrù bàbá ò bá gbé e, kó wá olùkọ́ tó ní sùúrù fún un, ẹ̀bùn Ọlọ́hun ni ìkọ́ni, kì í ṣe gbogbo bàbá ló ní i.

Ó wá ku pàṣán tí ẹ gbé pamọ́. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ gba ọmọ yín lọ́wọ́ ìpalára ni. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ òní, tí ọmọ bá ti sùn, ẹ sọ fún bàálé yín ní ohùn jẹ́jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ gbé e, ẹ ka èsì yìí fún un. Kó má lọ jẹ́ pé ó máa bi yín lójú ọmọ lọ́la pé "pàṣán dà?" tí ẹ̀yin náà á wá ní ẹ ò mọ̀, bóyá wọ́n ti jí i.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ.