Ẹ Bi Wá: Àkàrà Salvador, Frẹ́jọ̀n Èkó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi tó ń kàwé ní Bràsíìlì fi fọ́tò alákàrà kan ránṣẹ́ sí mi láti ìlú Salvador. Àkàrà náà tóbi tó ìkúùkù, wọ́n là á, wọ́n sì kó ọbẹ̀ sí i nínú. Ó ní acarajé ni wọ́n ń pè é. Ṣé àkàrà wa náà nìyẹn? Báwo ni mo ṣe lè dín irú rẹ̀ nílé? (Ìyá kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Àkàrà wa ni, mà. Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́: àkàrà àti jẹ. Ẹ̀wà olójú dúdú kan náà ni, àlùbọ́sà àti iyọ̀ nìkan ló sì ń wọ inú rẹ̀. Wọn kì í lọ ata mọ́ ọn. Epo pupa tí wọ́n ń pè ní dendê ni wọ́n fi ń dín in, kì í ṣe òróró.

Ẹ mú ẹ̀wà kílò kan. Ẹ kọ́kọ́ fọ́ ọ ní gbígbẹ, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan là sí méjì, kí ẹ tó rẹ ẹ́ sómi fún wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún. Èépo yóò léfòó fúnra rẹ̀. Ẹ ṣan án títí yóò fi funfun. Ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà ńlá méjì, kí omi má fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: bí omi bá pọ̀, àkàrà yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, yóò sì mu epo yó. Ẹ wá fi ọmọrogùn pò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Ẹ kán díẹ̀ sínú ife omi: bó bá léfòó, ó ti tó, bó bá rì, ẹ tún máa pò ó. Ìgbà tí epo bá ti gbóná tán ni kí ẹ tó fi iyọ̀ sí ẹ̀wà lílọ̀ náà, nítorí iyọ̀ tó bá pẹ́ nínú rẹ̀ máa ń jẹ́ kó ṣomi.

Epo náà gbọ́dọ̀ jìn tó kí àkàrà lè léfòó. Àwọn alákàrà ibẹ̀ máa ń ju odidi àlùbọ́sà kan sínú rẹ̀ kí epo má baà tètè jó. Bó bá ti dúdú, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí iná pọ̀ jù o. Àkàrà tó tóbi báyìí lè pọ́n lóde kí inú rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹ̀wà tútù.

Ohun tí wọ́n ń fi sínú rẹ̀ ni vatapá (búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú oje àgbọn, edé gbígbẹ, ẹ̀pà, kajú, ata ilẹ̀ àti epo, tí wọ́n rò títí ó fi ki) àti caruru, tí í ṣe ọbẹ̀ ilá. Edé àti tòmátì ló ń gbẹ̀yìn. Kí ọmọ yín mọ èyí: bí alákàrà bá bi í pé ṣé gbígbóná ló fẹ́ tàbí tútù, ata ló ń béèrè. Ẹni tó bá dáhùn pé gbígbóná, ẹnu rẹ̀ ni yóò sọ fún un. Tó bá sì rí abará lórí àtẹ náà, àkàrà kan náà ni wọ́n fi epo pò, tí wọ́n pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n sè. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni, kò sí méjì.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí àwọn alákàrà ibẹ̀ fi ń wọ aṣọ funfun? Ṣé olórìṣà ni gbogbo wọn? (Òǹkàwé kan, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ilé òrìṣà ni iṣẹ́ náà ti jáde: oúnjẹ Ọya ni àkàrà, èyí tí wọ́n ń gbé fún un kì í sì í ní nǹkan kan nínú. Láyé ẹrú, olówó wọn a máa rán àwọn obìnrin lọ kiri ọjà. Iye kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ kó wálé. Èyí tó bá lé lórí rẹ̀ jẹ́ tiwọn. Owó orí àtẹ yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn fi ra ara wọn padà.

Ní ti aṣọ, gèlè ni, bùbá léèsì, yẹ̀rì tí wọ́n fi sítáàṣì sí, ìlẹ̀kẹ̀, àti ìborùn kan tó ń jẹ́ pano da costa, èyí tí í ṣe aṣọ Etíkun. Etíkun tiwa níbí ni wọ́n ń sọ. Ní 2004 ni ìjọba Bràsíìlì ka iṣẹ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí mọ́ ogún àṣà orílẹ̀-èdè náà. Àwọn onígbàgbọ́ kan wà tí wọ́n ń dín in láìwọ aṣọ náà, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní àkàrà Jésù. Ìyẹn ń dá ìjà sílẹ̀ títí di òní. Lójú tiwa, orúkọ tó ti ní kí èèyàn jẹ ẹ́ kò nílò àtúnṣe.

ÌBÉÈRÈ: Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn tó padà wá láti Bràsíìlì, ni wọ́n bí mi sí. Frẹ́jọ̀n, ẹ̀wà lílọ̀ tí a fi oje àgbọn àti ṣúgà sè, tí mo ń sè lọ́jọ́ Ẹtì Rere máa ń jóná nísàlẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni pé Bràsíìlì ló ti wá? (Arábìnrin kan, Èkó)

ÌDÁHÙN: Lóòótọ́ ni. Feijão ni ẹ̀wà lédè Potogí. Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ jù nínú wọn, dìtẹ̀ ní Salvador ní oṣù kìíní 1835, ìjọba lé àwọn kan, ọ̀pọ̀ ẹni tó ti gba òmìnira sì bá ọkọ̀ òkun padà wá sí Èkó, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Ouidah. Wọ́n kó ìkòkò wọn dání.

Ẹ̀wà tó rọlẹ̀ sísàlẹ̀ ìkòkò ló ń jóná. Ẹ sè é kó rọ̀ gan-an, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sì sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Oje àgbọn tó ṣàn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sè é nínú ìkòkò tó nípọn, lórí iná kékeré, kí ọmọrogùn má sì kúrò lọ́wọ́ yín. Èyí tó ki àti ṣúgà ló ń kẹ́yìn. Bó bá ti jó, ẹ má ha á. Ẹ da ti òkè sínú ìkòkò mìíràn kíá.

ÌBÉÈRÈ: Mo fẹ́ wà ní Salvador fún ọdún Yemọja. Ọjọ́ wo ni, kí ni mo sì máa mú dání? (Òǹkàwé kan, London)

ÌDÁHÙN: Ọjọ́ kejì oṣù kejì ni lọ́dọọdún, ní etíkun Rio Vermelho. Àwọn apẹja ló ń fi ọkọ̀ gbé ẹ̀bùn lọ sójú òkun. Òdòdó àti lọ́fíńdà ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ da lọ́fíńdà náà sómi, kí ẹ sì mú ìgò rẹ̀ padà wálé.