Kí ẹ tó lé Google kúrò lórí fóònù, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé

Ẹ ní ẹ fẹ́ yọ ọwọ́ Google kúrò lórí fóònù yín, kí ẹ gbé GrapheneOS tàbí LineageOS, àwọn ètò Android tí kò sí Google nínú wọn, sí i, àmọ́ ọjà lẹ ń tà, orí fóònù kan náà sì ni álẹ́ẹ̀tì ti ń bá yín. Ẹ wá ń béèrè bóyá ó tó bẹ́ẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo fóònù tí kò sí lábẹ́ Google, mi ò sì ní padà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe tò ó ni yóò sọ bóyá yóò bá yín kalẹ́.

Ohun tó máa ń ba èèyàn lẹ́rù kọ́ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. WhatsApp ń ṣiṣẹ́ láìsí Google. Orí ìkànnì àwọn tó ni ín lẹ ti máa gbà á. Organic Maps ń lo máàpù OpenStreetMap tí àwọn èèyàn fúnra wọn ń yà. Ẹ gba ti Nàìjíríà sórí fóònù, ẹ ò nílò dátà mọ́ láti mọ ọ̀nà. F-Droid, ibi ìgbapp tó ti wà láti 2010, kún fún app ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè yẹ inú rẹ̀ wò. Ọ̀dọ̀ báńkì ni iṣẹ́ wà.

Bó ṣe máa ń rí nìyí: ẹ tẹ app báńkì, àmì wọn á yọ, yóò yí bírí díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò kọ ọ́ gàdàgbà pé fóònù yín kò láàbò, á sì pa ara rẹ̀ dé. Ó ṣe èyí fún mi lórí fóònù tí àtúnṣe ààbò oṣù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, bẹ́ẹ̀ app yìí kan náà ń ṣí wẹ́rẹ́ lórí fóònù aládùúgbò mi tí kò tíì rí àtúnṣe kankan gbà láti ọdún pípẹ́. Ó ń dùn mí títí dòní. Ọwọ́ Google ni app náà ti ń béèrè, nípasẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní Play Integrity, bóyá fóònù náà ṣì wà bí ilé iṣẹ́ tí Google fọwọ́ sí ṣe gbé e jáde. Bí Google bá ní rárá, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tó fowó ra fóònù ò sí níbi ìjíròrò yẹn rárá.

Nítorí náà, orí fóònù tó wà lọ́wọ́ yín báyìí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Keyboard ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, torí gbogbo ohun tí ẹ bá tẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ kọjá, títí kan password báńkì. HeliBoard wà lórí F-Droid. Kò gba àyè láti dé orí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, kò sí ibi tó fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yín lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú máàpù, ẹ mú ímeèlì, díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí owó fóònù míì bá dé, Pixel, fóònù tí Google fúnra rẹ̀ ń ṣe, ni kí ẹ wá, torí òun ni GrapheneOS ń bá ṣiṣẹ́. Tòkúnbọ̀ rẹ̀ wà ní Computer Village ní Ìkẹjà, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: àwọn kan wà tí ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà ti tì pa, tí bootloader wọn, ìyẹn ohun tó ń gbé ètò fóònù dìde, tó gbọ́dọ̀ ṣí kí ẹ tó lè pààrọ̀ ètò náà, kò ní ṣí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi hotspot gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ Settings, ẹ wá Build number lábẹ́ About phone, ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà 7, Developer options á yọ. Ẹ wo OEM unlocking níbẹ̀. Bó bá ṣe é tàn, ẹ máa ná an lọ. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá dà bí eérú, tí kò ṣe é tẹ̀, ẹ dá a padà, ohun yòówù kí ọlọ́jà sọ. Ẹ rántí pé ṣíṣí bootloader máa ń nu gbogbo ohun tó wà lórí fóònù.

Mo fara mọ́ GrapheneOS ju LineageOS lọ fún ọlọ́jà, torí ẹ lè ti bootloader padà lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e sí i tán, ẹ sì lè fi Google Play sí i bí app lásán tí kò lágbára ju àwọn yòókù lọ. App báńkì kan á gbà, òmíràn á kọ̀ jálẹ̀. Fún èyí tó bá kọ̀, kóòdù bíi *737# ti GTBank tàbí *894# ti First Bank ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù alátọ́ọ̀ṣì pàápàá. Èmi tún ní fóònù kékeré kan ní ṣọ́ọ̀bù, app báńkì nìkan ló wà lórí rẹ̀: kò sí fọ́tò, kò sí nọ́ńbà ẹbí. Àwọn kan á ní ìyẹn kì í ṣe òmìnira. Mi ò gbà. Ìyá tó ń retí álẹ́ẹ̀tì kó tó lè ra ọjà ọ̀la kò yẹ lẹ́ni tí a ó máa bá jà nítorí Google. Kó ṣáà mọ ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ òun, kó sì lè pinnu èyí tí òun máa jọ̀wọ́.

PinePhone àti Librem 5, àwọn fóònù tó ń lo ètò Linux gan-an dípò Android, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ ẹ má tíì gbé ọjà yín lé wọn lórí.

Ẹ má sì fi falẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2025, Google kéde pé ẹni tó bá ń ṣe app Android gbọ́dọ̀ fi ìdánimọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kí app náà tó lè wọ fóònù tí wọ́n fọwọ́ sí, kódà bí kò bá gba Play Store kọjá. Brazil, Indonesia, Singapore àti Thailand ni wọ́n ní àwọn á ti bẹ̀rẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án 2026. F-Droid ti figbe ta lórí rẹ̀. Fóònù tó ní GrapheneOS kò sí lábẹ́ òfin yìí, torí kò sí lára àwọn tí Google fọwọ́ sí. Ìdí kan náà tí app báńkì fi ń kọ̀ ọ́ nìyẹn.