Fódà kan ṣoṣo ló ń pa Nemo mi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Linux Mint ni mo ń lò lórí kọ̀ǹpútà mi. Láti ọjọ́ mẹ́ta báyìí, bí mo bá ti ṣí fódà Downloads, ojú Nemo, ètò tó ń ṣí fódà, á kàn pòórá, kò ní sọ ohunkóhun. Àwọn fódà yòókù ń ṣí geere. Ṣé kí n pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, kí n fi Linux sí i lákọ̀tun ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Fífi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn. Bí ẹ bá fi Linux tuntun sí i tán, tí ẹ da àwọn fáìlì Downloads padà síbẹ̀, àìsàn náà á bá wọn wọlé.

Ẹ̀yin fúnra yín ti dáhùn ìdajì ìbéèrè yìí. Ká ní Nemo ló bàjẹ́, kò ní mọ fódà yà sọ́tọ̀. Nǹkan kan nínú Downloads ló ń pa á, èyí tí mo sì kọ́kọ́ máa ń fura sí ni àwòrán tí kò wọlé tán kí íntánẹ́ẹ̀tì tó já. Bí fódà bá ṣí, Nemo á máa ka àwọn àwòrán inú rẹ̀ kó lè ṣe ẹ̀dà kékeré (thumbnail) tó ń fi hàn yín. Ó lè kú sórí èyí tó bàjẹ́.

Ẹ ṣí fódà mìíràn, ẹ wọ Edit, Preferences, Preview, kí ẹ yí Show thumbnails sí Never. Ẹ wá tẹ nemo -q sí tẹ́mínà, ojú tí ẹ ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kó lè kúrò nílẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn náà nemo ~/Downloads. Bó bá ṣí, ọwọ́ ti ń ba olè. Ẹ kó ìdajì àwọn fáìlì náà sí fódà tuntun, ẹ dá thumbnails padà, ẹ wo ìdajì tó ń pa á, kí ẹ tún pín ìyẹn sí méjì. Ó ń súni díẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ 200, ìgbà 8 lẹ máa pín in mọ. Bí ẹ bá ti yọ fáìlì náà, ẹ fi rm -r ~/.cache/thumbnails nu àwọn ẹ̀dà kékeré àtijọ́. Ẹ má fòyà, Nemo á tún wọn ṣe.

Bí kò bá wá ṣí ńkọ́? Tẹ́mínà kì í sábà dákẹ́ bíi Nemo. “Segmentation fault”, ìyẹn pé ètò náà kú lójijì, nìkan kò sọ púpọ̀. Ìlà tó ṣáájú ẹ̀ ni kí ẹ kà. Bó bá dárúkọ extension kan (ètò kékeré tó ń fi kún iṣẹ́ Nemo), ẹ pa á nínú Edit, Plugins.

Ẹ tún tẹ sudo dmesg, tó ń fi ìròyìn inú kọ̀ǹpútà hàn. Bí “I/O error” (àṣìṣe nínú kíkà tàbí kíkọ nǹkan) bá wà níbẹ̀, ẹ gbàgbé Nemo ná. Ó jọ pé díìsìkì yín ló ń ṣàìsàn, ẹ tètè kó iṣẹ́ yín sórí òmíràn kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.