Ọmọ fẹ́ sin bóà: kí la máa rà, báwo la ṣe ń bọ́ ọ?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Manchester là ń gbé. Ọmọkùnrin wa, ọmọ ọdún 14, fẹ́ fi owó tó tọ́jú ra ọmọ ejò bóà kan tí kò tíì ju 50 sẹ̀ǹtímítà lọ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 3. Mi ò fẹ́ sọ pé rárá nítorí ẹ̀rù lásán, mi ò sì fẹ́ kí ẹran Ọlọ́run kú sí wa lọ́wọ́. Kí ló yẹ kó wà nílẹ̀ kí ejò tó dé? Báwo la ṣe ń bọ́ ọ? Kí ló sì máa ń ṣe wọ́n?

Ìyá Fiyin

Ìdáhùn

Ìyá Fiyin, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀dọ̀ ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní England, òfin ìtọ́jú ẹran ti ọdún 2006 kò gbà kí wọ́n ta ẹran fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16; òbí ni òfin kà sí ẹni tí ìtọ́jú ẹran náà wà lọ́rùn rẹ̀. Bóà tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa sì lè lo 20 sí 30 ọdún láyé. Bí ọmọ bá lọ yunifásítì, ẹ̀yin lẹ óò máa fún un ní eku. Bí ẹ bá lè gba ìyẹn, ẹ máa bá a lọ.

Bóà kì í ṣe ejò ere tiwa nílé o. Ere ń yé ẹyin, bóà ń bí ọmọ láàyè, Àárín Gbùngbùn àti Gúúsù Amẹ́ríkà ló sì ti wá. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà, Boa imperator, máa ń gùn tó mítà kan ààbọ̀ sí méjì àti díẹ̀ bó bá dàgbà, abo ló sì máa ń tóbi jù.

Ẹ̀rọ ooru àti thermostat, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí ooru kó má bàa pọ̀ jù tàbí kéré jù, lẹ máa kọ́kọ́ rà, ejò ló kẹ́yìn. Ejò kì í pèsè ooru fún ara rẹ̀ bíi tiwa. Ooru tó bá rí gbà láti ìta ló fi ń da oúnjẹ. Bí ilé rẹ̀ bá tutù, eku tó gbé mì á bẹ̀rẹ̀ sí í rà nínú rẹ̀ kó tó dà, á sì bì í. Kí igun kan gbóná tó 31 sí 33 lórí ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, kí òdìkejì wà ní 24 sí 27, kó má sì lọ sísàlẹ̀ 22 lóru. Orí okùn thermostat, èyí tó ń mọ ooru, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣàṣìṣe. Ẹ dè é mọ́ ibi tó gbóná jù, kó má lè yẹ̀. Bó bá já sínú abọ́ omi, ẹ̀rọ á rò pé ilé ti tutù, á máa fi iná kún iná, ejò á sì jóná níkùn. Ẹ fi àwọ̀n irin bo gílóòbù tó bá wà nínú ilé rẹ̀, torí bóà á gùn ún, á sì wé mọ́ ọn. Kí gbogbo rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ejò tó wọlé, kí ọmọ máa ka tẹmọ́mítà láàárọ̀ àti lálẹ́.

Àpótí tó gùn tó 90 sẹ̀ǹtímítà tó fún ọmọ bóà. Àgbà ń fẹ́ 180 ní gígùn, 60 ní fífẹ̀, 60 ní gíga, ó kéré tán. Ẹ fi ibi ìfarapamọ́ méjì sí i, ọ̀kan níbi gbígbóná, ọ̀kan níbi tútù, kó há débi pé ara ejò á kan ògiri rẹ̀. Bó bá jẹ́ ibi tútù nìkan ló ti lè fara pamọ́, ibẹ̀ ló máa jókòó sí, oúnjẹ ò sì ní dà. Èèpo àgbọn tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ dára nílẹ̀. Igi kédárì kò dára, òórùn rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró ejò jẹ́. Kí ọ̀rinrin wà láàárín ìdá 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún.

Oúnjẹ ni ìfẹ́ wa fi ń ṣe bóà ní jàǹbá. Ó ti mọ́ wa lára láti bu oúnjẹ kún, bẹ́ẹ̀ ikùn bóà lọ́ra. Ọmọ eku tí irun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lára rẹ̀, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní rat fuzzy, ẹyọ kan láàárín ọjọ́ 10 sí 14, ti tó. Kó má nípọn ju ibi tó nípọn jù lára ejò lọ. Àgbà lè jẹ ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4.

Òkú eku inú firísà ni kẹ́ ẹ máa rà. Eku ààyè lè bu ejò jẹ. Ẹ fi sínú fíríìjì lóru, lẹ́yìn náà ẹ fi í sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ rì í sínú omi gbígbóná títí ikùn rẹ̀ kò fi tutù mọ́. Microwave á sè é nínú, ikùn rẹ̀ á sì bẹ́. Ẹ̀mú gígùn lẹ máa fi mú un níbàdí, ẹ má fi ọwọ́ mú un láé, kí orí rẹ̀ kọjú sí ejò. Ahọ́n bóà á máa yára wọlé jáde, ọrùn rẹ̀ á ká bíi lẹ́tà S, lẹ́ẹ̀kan náà á ti já lù ú, á sì ti wé mọ́ ọn. Ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ fún un. Ẹ má gbé ejò náà fún wákàtí 48.

Bó bá bì í, ẹ má tètè fún un ní òmíràn. Oje ikùn ti jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Omi nìkan fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ yẹ ooru wò, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fún un ní eku tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀ dé ìdajì. Bó bá tún bì í, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko tó mọ ejò. Ẹ ti wá irú dókítà bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra ejò, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gba ejò.

Bí ojú rẹ̀ bá rí bíi pé wọ́n bu omi ògì sí i, ó fẹ́ bọ́ awọ ni. Kò ríran dáadáa lásìkò yẹn, ẹ má gbé e, ẹ fi ọ̀rinrin kún ilé. Awọ tó bá kù lójú, ẹ má fi èékánná yọ ọ́.

Ìfóòfó nímú, mímí pẹ̀lú ẹnu lílà: ẹ̀dọ̀fóró ni, dókítà kíá. Kòkòrò dúdú tín-tín-tín lábẹ́ ìpẹ́ tàbí nínú abọ́ omi, òun náà ń fẹ́ ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀, torí ó lè kó àìsàn ejò tí wọ́n ń pè ní IBD (inclusion body disease), tí kò ní oògùn, láti ara ejò kan dé òmíràn. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi àkọsílẹ̀ oúnjẹ ejò náà hàn yín, kó ti jẹun ní ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán láìbì.

Ní ti àbúrò rẹ̀, ejò máa ń ní salmonella, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àìsàn inú, nínú ìgbẹ́ àti lára, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ló sì máa ń ṣe jù. Kó má fọwọ́ kàn án. Kí ẹ̀gbọ́n fi ọṣẹ fọwọ́ kó tó gbé àbúrò, kẹ́ ẹ má ṣe fọ abọ́ ejò níbi tẹ́ ẹ ti ń fọ àwo oúnjẹ. Ilẹ̀kùn gíláàsì àpótí náà ń fẹ́ àgádágodo, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín. Imú ni bóà fi ń ti ilẹ̀kùn lóru, ó sì lágbára.