Káìtì àti Pátákó Wo Ló Yẹ Akẹ́kọ̀ọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ iléèwé ni mí ní Kàbà, ìwọ̀n ara mi sì jẹ́ kìlógíráàmù 70. Mo fẹ́ kọ́ eré orí omi tí káìtì ńlá fi máa ń fa ènìyàn lórí pátákó. Ẹnìkan ní Èkó fẹ́ ta káìtì àlòkù tó jẹ́ mítà 12 níbùú lóòró fún mi, pẹ̀lú pátákó tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 132. Ṣé kí n rà wọ́n, kí n sì máa fi wọ́n kọ́ eré náà lórí Odò Ọya ní Lọ́kọ́jà?

Ìdáhùn: Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ má tíì rà wọ́n, nítorí káìtì yẹn tóbi jù fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wọn kìlógíráàmù 70, pátákó rẹ̀ sì kéré jù.

Ìwọ̀n ara àti agbára afẹ́fẹ́ ni a fi ń yan káìtì. Ìṣirò tí a máa ń fi fojú bù ú ni pé kí a fi 2.2 sọ ìwọ̀n ara ẹni di púpọ̀, kí a wá fi iye knot tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ pín in. Knot 1 kò tó kìlómítà 2 ní wákàtí kan. Tiyín yóò jẹ́ 154 kí a tó pín in. Bí afẹ́fẹ́ bá wà ní knot 15, káìtì mítà 10 ló bá yín mu, ṣùgbọ́n bó bá di knot 20, kò ní tó mítà 8 mọ́, ẹni tó bá sì gbé mítà 12 sókè lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ láìtíì mọ̀ ọ́n darí, káìtì náà ni yóò máa darí rẹ̀. Mítà 9 tàbí 10 ni n óò yàn fún yín.

Ohun tí mo kà sí jùlọ, àní ju bí káìtì ṣe tóbi tó lọ, ni bí a ṣe lè pa agbára káìtì náà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú 2005 ni agbára rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rọlẹ̀ bí a tilẹ̀ ti ọ̀pá ìdarí tí a ń dì mú síwájú, nítorí náà ẹ béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹ rí i pé ohun ìtúsílẹ̀ tó wà níwájú àyà ń ṣí ní ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá tì í, àti pé okùn ààbò wà tí yóò mú káìtì náà dùbúlẹ̀ láìsá lọ. Ẹ yan irú èyí tí a máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí etí rẹ̀, nítorí ó máa ń léfòó, a sì lè tún gbé e dìde láti inú omi. Tó bá jẹ́ àlòkù, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i kó le dáadáa, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ wò bóyá ó ń rọ̀. Kí ẹ sì na àwọn okùn rẹ̀ sílẹ̀ láti mọ̀ bóyá wọ́n gùn dọ́gba.

Ní ti pátákó, èyí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 140 sí 145, tí ìbú rẹ̀ sì tó 42, ni kí ẹ wá, kí orí àti ìdí rẹ̀ rí bákan náà. Pátákó fífẹ̀ máa ń tètè gbé ènìyàn sórí omi, kódà nígbà tí afẹ́fẹ́ kò bá pọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi Lọ́kọ́jà bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, omi ń ṣàn, ọkọ̀ ń lọ ń bọ̀, Òkè Patti sì wà nítòsí. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ara òkè kọjá kì í fẹ́ dọ́gba: ó lè dákẹ́ tí káìtì yóò fi já bọ́, kó tún fẹ́ gan-an lójijì. Nígbà òjò, ìjì lè dé kí ẹ tó rí àyè sọ̀ kalẹ̀.

Káìtì ìdánrawò kékeré, mítà 2 tàbí 3, ni kí ẹ kọ́kọ́ ra. Ẹ lọ sí pápá tó tẹ́jú ní Kàbà nígbà ọyẹ́, níbi tó jìnnà sí wáyà iná àti igi, kí ẹ sì máa fi í ya àmì 8 lójú ọ̀run títí ọwọ́ yín yóò fi mọ̀ ọ́n láìwò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ wá olùkọ́ létí òkun tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í fẹ́ láti ilẹ̀ lọ sójú omi, kí ẹ lo káìtì àti pátákó tirẹ̀ ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí ẹ bá lè dúró lórí pátákó, tí ẹ sì lè padà síbi tí ẹ ti gbéra, ẹ óò mọ èyí tí ẹ fẹ́ rà.